Ìkọlù Olùsọ̀rọ̀: Nígbà Tí Àríyànjiyàn Bá Fi Ọ̀rọ̀ Sílẹ̀, Tó Dojú Kọ Ẹni Tó Sọ Ọ́

Ìkọlù olùsọ̀rọ̀ ni orúkọ tí a lè fún àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ nínú àríyànjiyàn, níbi tí ẹni tó yẹ kó dáhùn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ti máa ń pa ọ̀rọ̀ náà tì, tí yóò sì kọjú sí ìwà, ìdílé, ipò tàbí ìtàn ẹni tó sọ ọ́, bí ẹni pé bí ẹni náà bá ti lábùkù, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ti di irọ́ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ìrònú, ìyẹn àwọn tó ń wádìí bí èrò kan ṣe ń tọ èrò mìíràn lẹ́yìn, ń fi èdè Látìn pè é ní ad hominem, wọ́n sì kà á mọ́ àṣìṣe nítorí pé ohun tí a fi ṣe ẹ̀rí kò kan ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nípa ẹni tó bá fi ọ̀ràn ńlá sílẹ̀ tó ń lé kékeré, Yorùbá máa ń sọ pé ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n nínú irú àríyànjiyàn yìí, làpálàpá náà lè wà lára ẹni tí wọ́n ń bá wí ní tòótọ́, kí gbogbo ènìyàn sì máa rí i, èyí gan-an ló sì ń jẹ́ kí àṣìṣe náà máa tan ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀ jẹ bákan náà.

Kí a mú ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ogójì ni ọmọ ẹgbẹ́, ₦2,500 ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san fún kànga ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, gbogbo wọn sì ti san. Nígbà tí akọ̀wé ka ìwé owó, ₦85,000 ló kà jáde, ni obìnrin kan bá dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú o. Bí ogójì ènìyàn bá san ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà ló yẹ kó jẹ́. Níbo ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù wà?" Bàbá kan dá a lóhùn pé, "Ìyàwó, ṣé kì í ṣe ìwọ lo jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta lọ́dún tó kọjá?" Ẹlòmíràn ní, "Ìyàwó tí a gbé wálé lánàá ló fẹ́ kọ́ wa níṣirò yìí?" Ẹ̀kẹta, tó fẹ́ fi ọgbọ́n àgbà sí i, ní òun mọ ẹni tó rán an wá. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, obìnrin náà jókòó, ìpàdé sì tẹ̀ síwájú. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ gbèsè ní tòótọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìyàwó tuntun, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti ẹ̀yìn rán an wá. Síbẹ̀, bí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ogójì lọ́nà ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ kò ní torí ìyẹn di ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún.

Àwọn ìdáhùn mẹ́ta wọ̀nyí yàtọ̀ síra. Èyí tó sọ pé ìyàwó tuntun ni ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ irú tó rọrùn jù láti dá mọ̀, nítorí pé ìbátan èébú ni. Èyí tó sọ pé ẹnìkan ló rán an wá kò bú u, ó kàn ń sọ pé ipò rẹ̀ tàbí àǹfààní tó ń wá ló mú un sọ̀rọ̀. Ìdáhùn nípa gbèsè jẹ́ irú tí a lè pè ní "ìwọ náà ńkọ́", ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí pé òun ló fara jọ òdodo jù lọ.

Ní àwọn ìlú bí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹ̀mùrẹ́ àti Ọ̀run, àṣìṣe yìí ní agbára tí kò lè ní ní ìgboro Èkó, nítorí pé níbi tí ojú ti mọ ojú, tí a ti mọ ilé tí bàbá ẹni ti jáde àti ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe nígbà ayé rẹ̀, kò sí ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ tí ìtàn ìdílé rẹ̀ kò bá a dìde. Ìmọ̀ yìí ní èrè tirẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ìlú mọ ẹni tí wọ́n lè fi ṣọ́ owó àti ẹni tí wọ́n lè fi ọmọ fún. Ṣùgbọ́n òun náà ló wà lẹ́yìn òwe tó sọ pé ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà: bí ọ̀tá bá gbé ẹran ńlá ti oko dé, ojú tí a fi ń wo ẹran náà yóò kéré títí yóò fi di ọ̀yà lásán. Àwọn tó pa òwe náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ, torí kì í ṣe ìmọ̀ràn ni wọ́n fi ń gbani, àbùkù ọkàn ènìyàn ni wọ́n fi ń hàn.

Òwe mìíràn wà tó dà bí ẹni pé ó ń gbe àwọn tó ń lo "ìwọ náà ńkọ́" lẹ́yìn, ìyẹn èyí tó ní bí ẹnìkan bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi òwe yìí pa alátakò lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ohun tí òwe náà ń sọ gan-an. Ìlérí ni ó dá lé. Ẹni tó ní òun yóò dáṣọ fún ni ń béèrè pé kí a gbà á gbọ́ lórí ohun tí kò tí ì ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ ju ipò àti ìṣe rẹ̀ àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí náà, wíwo ọrùn rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wọ àkísà bá sọ pé aṣọ tí à ń tà ní ọjà ní ihò lẹ́yìn, aṣọ náà ni kí a yí padà wò. Àkísà tó wà lọ́rùn rẹ̀ kò dí ihò tó wà lára aṣọ ẹlòmíràn. Dókítà tó ń mu sìgá lè sọ fún aláìsàn pé sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni náà lè pè é ní alágàbàgebè, kò sì ní jẹ̀bi, ṣùgbọ́n bí ó bá fi ìyẹn ṣe ìdí tí òun yóò fi máa mu sìgá lọ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ní gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rò.

Ọ̀nà kan wà, tó jọ "ìwọ náà ńkọ́", tí ó sì tọ́. John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1690, níbi tó ti lo ad hominem fún àríyànjiyàn tí a fi ń mú ènìyàn pẹ̀lú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀. Ìtumọ̀ ti ìkọlù ìwà ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ wá borí lẹ́yìn ìgbà náà ni. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lo ti Locke yìí dáadáa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní Oṣù Kẹjọ 1941, Roosevelt ti Amẹ́ríkà àti Churchill ti Gẹ̀ẹ́sì gbé ìkéde Atlantic Charter jáde, tó sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Ní oṣù yẹn kan náà, Clement Attlee, tó wà nínú ìjọba Churchill, sọ fún ẹgbẹ́ WASU, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládiípọ̀ Ṣólańkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, pé ìlérí náà kan gbogbo ẹ̀yà. Nígbà tó di Oṣù Kẹsàn-án, Churchill sọ fún ilé aṣòfin pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ Hitler ni àwọn ní lọ́kàn. WASU kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀, Nnamdi Azikiwe náà sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1943 nígbà tí òun àti àwọn oníròyìn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni pé, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ẹ dúró lé e. Èyí nìkan kò fi hàn pé ìjọba ara-ẹni dára, nítorí ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mú ṣì lè jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó fi hàn ni pé kò lè di ọ̀rọ̀ méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ tí ó yẹ kó ṣe sì nìyẹn.

Irú kan tó burú ju gbogbo ìyókù lọ ni èyí tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀, tí a ń ba ẹni jẹ́ kó tó la ẹnu. Ní 1864, Charles Kingsley, àlùfáà Áńgílíkà, kọ ọ́ pé àwọn àlùfáà Kátólíìkì kò ka òtítọ́ sí ìwà rere, ó sì dárúkọ John Henry Newman, ọ̀kan nínú wọn, pé òun ló kọ́ni bẹ́ẹ̀. Newman rí i pé bí àwọn ènìyàn bá gba ẹ̀sùn yìí, gbogbo ohun tí òun bá sọ láti fi gba ara òun sílẹ̀ ni wọn yóò kà sí irọ́ mìíràn, ó sì fi í wé kí ènìyàn da májèlé sínú kànga. Ìwé ńlá lórí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ló fi dáhùn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àkókò láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, èyí ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ tí wọ́n bá ti pè ní "òpùrọ́ ìlú" kàn máa dákẹ́ nínú ìpàdé.

Bí a bá dúró síbí, ó lè dà bí ẹni pé kò yẹ kí a wádìí ìwà olùsọ̀rọ̀ láé, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti ọdún 2011, gba agbẹjọ́rò láyè láti bi ẹlẹ́rìí tó wà níwájú ilé ẹjọ́ ní ìbéèrè tí yóò fi mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni, irú ẹni tó jẹ́ àti ipò rẹ̀ láwùjọ, títí kan ìbéèrè tó lè dín iyì rẹ̀ kù. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí ń béèrè pé kí ilé ẹjọ́ gba òun gbọ́: ó ní òun rí i, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí agbẹjọ́rò bá dìde láti sọ ohun tí òfin wí, adájọ́ kì í béèrè bóyá agbẹjọ́rò náà ń san owó ilé rẹ̀ lásìkò, ìwé òfin ni yóò ṣí. Ìbéèrè tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé: ṣé ọ̀rọ̀ yìí dúró lórí ẹnu ẹni tó sọ ọ́, àbí ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó lè fi dúró bí ẹni náà bá kúrò?

Kò sí ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti nira bíi nínú ìtàn ìlú. Ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ipò Ògògà àti ipò Olúkẹ́rẹ́ ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì ti dé ilé ẹjọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń pa, ìdílé Olúkẹ́rẹ́ ti wà níbẹ̀ kí ọdẹ tó di Ògògà àkọ́kọ́ tó dé, Olúkẹ́rẹ́ náà sì ni olórí àwòrò Olósùnta, òkè ńlá tí ìlú ń bọ. Ohun tí ìtàn yìí túmọ̀ sí fún ipò ọba lónìí ni àwọn ìhà méjèèjì kò fi ẹnu kò lé lórí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tó kàn wá níhìn-ín ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "ọmọ àdúgbò wo ni?" Ìbéèrè náà tọ́ bí ẹni náà bá ń sọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un, nítorí ẹnu ìdílé kì í ṣẹ́ ara rẹ̀, ó sì yẹ kí olùgbọ́ mọ ibi tí ìtàn ti ń wá kó tó wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ìwé àwọn aṣojú ìjọba amúnisìn jáde, tàbí tó tọ́ka sí oríkì tí ìhà kejì fúnra wọn ń kì, tàbí sí ètò ọdún tí gbogbo ìlú ń rí, àdúgbò rẹ̀ kò tún ní ìtumọ̀ mọ́. Ìwé náà, oríkì náà àti ètò náà ló yẹ kí a wádìí. Ẹni tó bá lo "ọmọ àdúgbò wo ni?" fún irú àwọn ẹ̀rí kejì yìí ti kúrò nínú àríyànjiyàn, àní bí ó bá ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìṣèlú kò ní pẹ́ gba àlàyé. Nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ti 21 Oṣù Kẹfà 2014, tí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní "stomach infrastructure" gbòde kan, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì wà nílẹ̀, ìyẹn bóyá ó yẹ kí owó ìlú lọ sí ohun tí ẹnu ń jẹ lónìí tàbí sí ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́ tí èrè rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Díẹ̀ ni àwọn tó dáhùn ìbéèrè náà. Púpọ̀ jù nínú ariwo náà dá lórí ẹni tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí kò mọ ará ìlú àti ẹni tó mọ ará ìlú tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn akéwì Nàìjíríà kan, Wọlé Ṣóyínká láàárín wọn, pé ewì wọn le koko, ó sì ń fara wé ti òyìnbó, wọ́n sì fi inú dídùn pe ara wọn ní ọ̀wọ́ "bọ́ọ̀lẹ̀-ká-jà", orúkọ tí Yorùbá fi ń pe ọkọ̀ tí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀ máa ń bá ara wọn fa èrò. Ṣóyínká dá wọn lóhùn ní 1975 nínú àròkọ kan tí àkọlé rẹ̀ fi wọ́n wé Tarzan. Ìjà náà dùn ún kà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni díbọ́n pé kò dùn. Síbẹ̀, ibi tí ìhà kọ̀ọ̀kan ti mú ìlà ewì jáde, tó sì fi ìdí tó fi ṣeé lóye tàbí tí kò fi ṣeé lóye hàn, ni olùkàwé ti lè rí nǹkan wọ̀n, nígbà tí orúkọ àti àpèlé kò fi ohunkóhun kún ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Àpẹẹrẹ tó lágbára jù lọ nínú ìtàn Yorùbá wáyé ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí ọdún 1910, nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé ibẹ̀ tó sì rí orí amọ̀ àti orí idẹ Olókun. Ó rí i pé iṣẹ́ náà ga, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo Yúróòpù. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn ará Ifẹ̀ tó ń bá a sọ̀rọ̀, ó pè wọ́n ní ìran tó ti bàjẹ́, tí ọpọlọ wọn kò pé, ó sì kádìí rẹ̀ pé kò lè jẹ́ baba ńlá irú àwọn ènìyàn báyìí ló ṣe é, pé àwọn ará Atlantis, erékùṣù inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ló ti gbé ibẹ̀ rí. Ìkọlù olùsọ̀rọ̀ ni èyí, kìkì pé gbogbo ìran ni wọ́n fi rọ́pò ènìyàn kan: àwọn ará Ifẹ̀ ní àwọn baba wọn ló ni ín, ìdáhùn tí wọ́n sì rí gbà ni pé irú ènìyàn wo ni ẹ̀yin. Kò jẹ́ kí iṣẹ́ ọnà tó wà ní àyíká yí èrò rẹ̀ padà.

Ẹ̀rí tó lè yí i padà kò sì jìnnà. Láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tó sì jẹ́ ẹmẹsẹ̀ Arínjálẹ̀ ti Ìsẹ̀, ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, ọba jókòó pẹ̀lú adé rẹ̀, ó ń gba àlejò òyìnbó tí wọ́n rù wá, àwọn ère náà sì yọ jáde kúrò lára pákó débi pé orí àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró fúnra wọn, bí ẹni tó fẹ́ yíjú wo ẹni tó ń wọlé. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum sì fẹ́ ẹ débi pé wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Ògògà. Ní 1938, ọdún tí Ọlọ́wẹ̀ kú, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, hú orí idẹ tó ju mẹ́wàá lọ jáde, àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe wọ́n, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Kò sí Atlantis níbẹ̀.

Níbí yìí ni ìdánwò ti wá kan àwọn tó fẹ́ràn Yorùbá, nítorí pé ó rọrùn gan-an láti sọ pé níwọ̀n ìgbà tí Frobenius ti bú àwọn baba wa, tó sì fẹ́ kó ẹrù wọn lọ kí ìjọba tó dá a dúró, kò sí ohun tó kọ tó yẹ ní kíkà. Léopold Sédar Senghor, tó di ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kà á, ó yìn ín, ó sì mú ohun tó wúlò níbẹ̀, àwọn kan sì sọ pé ó yìn ín jù. Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí Ifẹ̀ lónìí ṣì ń ṣí ìwé Frobenius nítorí àwòrán àti àkọsílẹ̀ ohun tó fi ojú rí ní igbó Olókun, yóò sì fo ojú ewé tí Atlantis ti bẹ̀rẹ̀ kọjá.